Ìka Mélòó Nìyí?

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá tún na ìka sí òun lójú lọ́jọ́ yẹn, òun yóò gé ìka náà jẹ.

Láti àárọ̀ ni àwọn aládùúgbò ti ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Wọn kì í tíì kí i tán tí wọn yóò fi gbé ọwọ́ sókè níwájú rẹ̀, tí wọn yóò bi í pé ìka mélòó nìyí. Bó bá ní òun kò mọ̀, wọn á sún mọ́ ọn sí i, wọn á tún gbé ohùn sókè, bíi pé etí ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kì í ṣe ojú. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bi í ní nǹkan kan. Wọn á kàn dúró gbagidi síwájú rẹ̀, wọn á máa retí kó dárúkọ wọn.

Ọkọ rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Rédíò ni àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í béèrè ìdí. Ọ̀rọ̀ kì í sùn mọ́ ọn nínú. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì lójú ìyàwó rẹ̀ ló ti ń ròyìn kiri òpópónà pé ojú ti là, pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n pe ìyàwó òun wá.

Ọjọ́ pẹ́ tí ojú ọ̀hún ti ń kú lọ. Alẹ́ ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀: bí oòrùn bá ti wọ̀, àfi kó máa fọwọ́ tá ògiri. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, títí ó fi dà bíi pé ihò kọ́kọ́rọ́ ló fi ń wo ayé. Dókítà sọ fún un pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, pé ohun tó wà nínú awọ yẹn ló ń kú díẹ̀díẹ̀, pé ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn, kò sì sí oògùn tó lè jí i. Ìyá Oníbúrẹ́dì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ìyẹ̀fun, imú rẹ̀ sì mọ ìgbà tí búrẹ́dì jinná. Ọjọ́ tí ihò kọ́kọ́rọ́ náà dí pátápátá, ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ó rò pé iná ló lọ. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun tan àtùpà. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ìgbà yẹn ló mọ̀.

Àkọ́bí wọn obìnrin ló gbọ́ nípa ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń dán ojú ẹ̀rọ wò. Wọn á fi irin pẹlẹbẹ kan, tí kò tó èékánná ọmọ tuntun, sábẹ́ awọ ẹ̀yìn ojú. Kámẹ́rà kékeré á wà lára awò ojú, àpótí kan á wà ní ìbàdí. Ohun tí kámẹ́rà bá rí, àpótí á sọ ọ́ di iná mànàmáná tín-ń-tín, irin náà á sì máa fi kan àwọn iṣan tí kò tíì kú. Ẹnjiníà tó ń mójú tó o, ọmọbìnrin kan tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣàlàyé fún tọkọtaya náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú. Ó ní kò ní rí bí ojú àtijọ́. Kò ní sí àwọ̀, kò ní sí ojú ènìyàn, ẹta ìmọ́lẹ̀ lásán ni, ìyá á sì ní láti kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ èdè. Rédíò jókòó síbẹ̀, ó ń mi orí. Ṣùgbọ́n etí tó ti ń dúró de ayọ̀ kì í gbọ́ “àmọ́”.

Bí ẹnjiníà ṣe wí náà ló rí. Ẹta ìmọ́lẹ̀ ń tàn, wọ́n ń kú, bí ẹta inú ààrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ koná mọ́. Ibi tí nǹkan bá ti mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń pọ̀ sí. Fèrèsé jẹ́ òkìtì ìmọ́lẹ̀, ènìyàn sì jẹ́ ohun tó dí i. Kó tó mọ ibi tí ilẹ̀kùn parí sí, àfi kó máa mi orí lọ sọ́tùn-ún sósì bí alángbá, bó bá sì ṣe é fún ìgbà díẹ̀, orí á máa fọ́ ọ. Ó ń kọ́ ọ bọ̀, inú sì ń bí i bó ti ń kọ́ ọ.

Inú ìbínú yẹn ló wà nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ní àwọn fẹ́ wá ya fíìmù rẹ̀. Yàrá kan nílé ìwòsàn ni wọ́n lò. Ayàwòrán wọn ní ohùn tútù bí omi àmù. Ó fi Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó, ó ní kí Rédíò, tó ti wọ aṣọ tuntun, dúró níwájú fèrèsé, ó sì ní kí ìyá sọ ohun tó ń rí.

Ìyá ní òun rí nǹkan dúdú kan tó ń mì.

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, pé ọkọ wọn nìyẹn o. Ìyá ní òun mọ̀ pé ọkọ òun ni, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn lòun ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Níkẹyìn ayàwòrán fà á mọ́ra, ó ní bí ìyá bá ṣáà lè sọ pé òun rí ojú ọkọ òun, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń retí irú ẹ̀rọ yìí yóò dùn.

“Ìyá wọn, sọ ọ́ ká máa lọ sílé,” ni Rédíò wí. “Kí ló máa gbà lẹ́nu rẹ?”

Ìyá bọ́ awò ojú náà, ó gbé e lé itan.

“Ẹnìkan wà níbì kan tó ń fọwọ́ tá ògiri báyìí,” ló wí. “Tí mo bá ní mo rí ojú ènìyàn, á gbà kí wọ́n la ojú tiẹ̀ náà. Á wá jí, á máa wá ojú ọkọ ẹ̀ kiri nínú ẹta iná. Èmi ò ní parọ́ fún afọ́jú.”

Ayàwòrán kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Títí wọ́n fi délé, Rédíò kò sọ̀rọ̀. Ìyá, tó ti ń gbàdúrà fún ìdákẹ́jẹ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, rí i pé ìdákẹ́jẹ́ náà tún bí òun nínú ju ariwo lọ. Nínú ilé ìdáná ló ti dì í mú, ó ní kó sọ ohun tó ń ṣe é, kó má pa òun.

“Tí mo bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀, o kì í kọjú sí mi mọ́,” ni ọkùnrin náà wí. “Ògiri lò ń bá sọ ọ́. Mo rò pé bí ojú yìí bá dé, wàá tún máa wò mí.”

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọkùnrin tó ń sọ ti gbogbo ayé kò ráyè sọ tara rẹ̀. Ìyá ní kó wọ kóòtù dúdú rẹ̀, kó lọ dúró ti ògiri funfun, kó sì pa ẹnu mọ́. Ó gbé awò ojú wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ ti tẹ̀ sí apá ọ̀tún,” ló wí. “Ẹ nà dúró. Àárín ògiri lẹ wà.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Ibi tí ẹ wà nìkan ni kò mọ́lẹ̀.”

Rédíò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ojú kúrò.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rédíò ti wá mọ̀ pé dúdú lára funfun lojú náà ń fẹ́, ó ra ọ̀dà funfun àti dúdú. Ó kun férémù ilẹ̀kùn, ìyẹn dára. Ó kun etí àtẹ̀gùn, ìyẹn náà dára. Ó kun àga, ó kun tábìlì, ó fa ìlà sára àpótí aṣọ àti ìkòkò omi. Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ibi iṣẹ́ dé, ẹta ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo ilé bí eèrà tó rí ṣúgà, kò sì mọ èyí tí í ṣe ọ̀nà mọ́.

“Tí gbogbo nǹkan bá jọ ń pariwo,” ló bi í, “ta la máa gbọ́?”

Ọkùnrin náà fi kẹrosín fọ ilé títí apá fi ro ó. Ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn nìkan ni wọ́n dá sí.

Nígbà tí wọ́n tún padà lọ rí ẹnjiníà, Ìyá Oníbúrẹ́dì rojọ́ bí ẹni wá sílé ẹjọ́. Apá òsì ń tàn jù, àpótí ń gbóná mọ́ òun níbàdí, orí ń fọ́ òun. Ẹnjiníà kò bínú. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí lójú, dáadáa ni wọ́n máa ń ní ó wà, nítorí wọn kò fẹ́ kí wọ́n pè wọ́n ní aláìmoore. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dín iná apá òsì kù, ó sì ní kí ìyá tún rìn wò.

Ara tu ú. Ó já ọwọ́ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ilé ìwòsàn náà. Àwọn àtùpà òrùlé tò lọ bí okùn níwájú rẹ̀, ní òpin wọn sì ni ìmọ́lẹ̀ ńlá ti ìta wà. Ó ń lọ, ó ń yára sí i, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ènìyàn kọjá láìfi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Rédíò ń sá tẹ̀ lé e. Ìyá kọrí sí ìmọ́lẹ̀ náà ṣánṣán, iwájú orí rẹ̀ sì ró gbàù mọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì tí wọ́n tì.

Rédíò la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó pa á dé. Ó fọwọ́ pa ibi tó ń wú, ó tún fọwọ́ pa gíláàsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kẹ́yìn sí ìta, ó forí lé ọ̀nà tó gbà wá.

“Ẹ jẹ́ ká padà,” ló wí. “Ẹnjiníà yẹn gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ilẹ̀kùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ilẹ̀kùn ṣì ni.”