Abo Ẹlẹ́dẹ̀ Méjì Tó Ń Rọbí

"Bó bá tẹ ẹyọ ọmọ kan pa, lọ́la ni mo máa ri irin síbí."

Ọbáfẹ́mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Rẹ̀mílẹ́kún àbúrò rẹ̀, bí abo ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan ti ń yí po níwájú wọn. Méjì ló ń rọbí lọ́jọ́ náà. Rẹ̀mílẹ́kún ti mú ọ̀kan jáde kúrò nínú irin láàárọ̀, kò sì kúkú gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láti ọdún mẹ́sàn-án ni Ọbáfẹ́mi ti ń há àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún mọ́ àárín irin, níbi tí wọn ò ti lè yí padà, kí wọ́n má baà sùn lé ọmọ. Rẹ̀mílẹ́kún ní tiẹ̀ da èèpo ìrẹsì tí wọ́n ń kó dànù ní Ọ̀fàdà sí yàrá gbayawu kan, ibẹ̀ ló ti ń sin àwọn tí kò lóyún. Ó ní ibẹ̀ kì í rùn, aládùúgbò ò ní fẹjọ́ sùn mọ́. Ó ní alápatà wọn l'Ábẹ́òkúta sọ pé ẹran ibẹ̀ kì í ṣomi nínú ìkòkò. Ọbáfẹ́mi ò bá a jiyàn ìyẹn. Ikú ọmọ ló ń bà á lẹ́rù, torí kó tó ra irin, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin mẹ́rin lọ́jọ́ kan.

Ẹran náà ń fẹnu kó èèpo àti koríko gbígbẹ jọ yípo.

"Kí ló ń ṣe yẹn?"

"Ó ń tẹ́ ibùsùn ni, Bọ̀dá Fẹ́mi."

"Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ní ó ń pàfọ̀, tó rò pé òun ń ṣoge!" ni Rẹ̀mílẹ́kún fi kún un. Ọbáfẹ́mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bí ìkarùn-ún, ìyá dìde, ó tún fẹ́ dùbúlẹ̀. Ọmọ kan han. Ọbáfẹ́mi ti gbẹ́sẹ̀ sórí ọgbà kí Rẹ̀mílẹ́kún tó di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣe sùúrù."

Ìyá kúnlẹ̀, ó fi imú ti àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá rọra sùn. Èyí tó han wọ́ jáde lábẹ́ èèpo, ó wá ọmú lọ.

Nígbà tóòrùn fi kàn tàrí, mọ́kànlá ló ń mu ọmú. Ọbáfẹ́mi lọ wo ìkejì nínú irin.

Ẹran náà ń fẹsẹ̀ wa sìmẹ́ńtì. Ó ń ya ẹnu kó nǹkan tí kò sí nílẹ̀, ó ń tò ó síwájú ara rẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wèrè ni Ọbáfẹ́mi máa ń pè é, á fi igi gbá irin títí wọ́n á fi dákẹ́. Ojú tì í gan-an.

"Rẹ̀mílẹ́kún," ó pè, "bá mi bu èèpo wá."