Eyín Mọ́ṣádé

Nǹkan kan ṣoṣo ni Mọ́ṣádé bẹ ọkọ rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ikú òun: pé gbogbo eyín òkè òun, àfibọ̀ ni. Láti kékeré ni àwọn ìyàwó ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ti ń pè é ní Eyínfúnjowó. Ta ló máa ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ayé mọ̀ pé inú ife omi ni eyín òun ń sùn? Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa yìn ín pé ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni, ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀ ṣáá. Bàbá Ṣóyẹmí, ọkọ rẹ̀, á kàn máa wò wọ́n. Ó mọ̀ pé bí àgbàdo sísun bá rọ̀ bí ìkọ́kọrẹ́, Mọ́ṣádé ì bá jẹ ẹ́ tòun ti ṣùkù.

Ọdún kan lẹ́yìn tí ìyá kú, Ẹniìtàn, ọmọ ọmọ wọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, ní òun fẹ́ ṣe ère orí rẹ̀ fún ìrántí. Fọ́tò kò ṣeé lò, nítorí nínú gbogbo fọ́tò ìyá, gèlè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú. Àmọ́ ìyá ti ṣubú ní balùwẹ̀ rí, wọ́n sì ti gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí ní ilé ìwòsàn. Ẹniìtàn rí sídì àwòrán náà nínú àpótí. Ó tò ó jọ lórí kọ̀ǹpútà, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, bí ẹni ń to búrẹ́dì gígé padà di odindi, títí egungun fi hàn, tí awọ sì bò ó.

"Bàbá àgbà, ẹ̀rọ yìí kì í purọ́ o!"

Inú bàbá dùn dé ẹ̀yìn, pé òun yóò tún fojú kan ìyàwó òun. Ó gbàgbé pátápátá pé nọ́ọ̀sì ní kí ìyá yọ eyín kó tó wọnú ẹ̀rọ, àti pé inú àpò òun gan-an ni eyín ọ̀hún wà lọ́jọ́ náà.

Ó rántí nígbà tí Ẹniìtàn ṣí aṣọ lójú ère ní pálọ̀ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, níwájú gbogbo ẹbí. Orí funfun tí ẹ̀rọ fi ike tẹ̀ ni. Ètè ti wọ inú lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti rọ́.

"Ta lèyí?" Matilda, àkọ́bí ìyá, tó wá láti Ayépé, ló bèèrè.

"Ìyá àgbà ni, Àǹtí."

"Ìyá tèmi? Eyínfúnjowó? Ilé ìwòsàn ti fún ọ ní sídì ẹlòmíràn! Jọ̀ọ́, gbé orí olórí jáde nílé wa!"

Omi lé ròrò sójú Ẹniìtàn. Bí bàbá bá sọ̀rọ̀, ó dalẹ̀ òkú. Bó bá dákẹ́, wọ́n á sọ ọmọ ọlọ́mọ di òpùrọ́. Ó dìde.

"Orí rẹ̀ ni. Inú ló ń bí i sí mi lọ́jọ́ yẹn, ló fi fún ẹnu pọ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ ojú tó máa ń ṣe sí mi ni?"

Ẹ̀rín sọ. Matilda pàápàá ní ó ṣeé ṣe.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá pe Ẹniìtàn sí yàrá, ó tú aṣọ ìnujú kan. Eyín àfibọ̀ ìyá méjì ni tẹ́lẹ̀: ọ̀kan bá a wọlẹ̀, èkejì rèé. Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé.

"Fi sí i lẹ́nu nínú kọ̀ǹpútà rẹ," bàbá ní. "Kí ìwọ náà sì pa tìrẹ dé."

Ère kejì dé, Matilda sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń sunkún, "Eyínfúnjowó mi!" Ó ní kí wọ́n lọ da ti àkọ́kọ́ nù.

Bàbá kọ̀. Ó ní ère kejì ni ti àlejò ní pálọ̀, kí wọ́n gbé ìyàwó òun fún òun. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, níbi tí ife omi máa ń wà, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ́ náà.

"Mọ́ṣádé, má bínú," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀rọ ni."