Ògiri Tí Bàbá Mọ

“Wọ́n ní bíríkìlà wo ògiri yẹn, ó ní…”

“Ó ní kí ni?”

“Pé sìmẹ́ǹtì tó yẹ kí olóògbé… ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o! Pé ṣe ló tà á jẹ, iyẹ̀pẹ̀ ló kàn fi…”

“Háà! Ilé ara ẹ̀?”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe kúrò lẹ́nu Rédíò, obìnrin olófòófó tí ilé rẹ̀ fẹ̀yìn kan ilé olóògbé náà, tó fi dé etí Màmá, opó rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Màmá ti fárígá, kò kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Ògiri ibẹ̀ ti là láti òkè délẹ̀, òjò sì ti ṣú dùdù.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí pálọ̀,” ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀bẹ̀.

“Kí n sá fún ògiri tí ọkọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ mọ? Tí mo bá jáde níbí, mo ti gbà pé olè ni nìyẹn. Tó bá fẹ́ wó, kó wó lé mi!”

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Èérún ògiri já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, Màmá gbọ̀n ọ́n dànù bí ẹni gbọn èérún búrẹ́dì. Ìgbà náà ló yé ọmọ rẹ̀. Àṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri làwọn ti ń fà láti àárọ̀, orúkọ Bàbá ni! Ó sáré jáde, ó lọ fa bíríkìlà wá.

Màmá ò jẹ́ ìkíni ọ̀gbẹ́ni náà. “Ìwọ lo pe ọkọ mi lólè?”

“Èmi kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó dáa, tún ohun tó o sọ sọ. Má fi kún un, má yọ kúrò.”

Bíríkìlà lóṣòó sí ìdí ògiri, ó ń fọwọ́ tọ́ka, ó sì tún un sọ. Màmá tẹ́tí sílẹ̀. Ó fàtẹ́lẹwọ́ lé ògiri bí ẹni ń wo iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Òjò bẹ̀rẹ̀, omi sì ń ṣàn wọlé lójú ibi tó là.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn,” ló wí, ó ki ìrọ̀rí bọ abíyá, ó jáde.

Rédíò ti wà lẹ́nu ọ̀nà. “Ìyá, ẹ wá gbà báyìí pé òótọ́ ni?”

“Gbọ́ ọ dáadáa, kó o lè ròyìn ẹ̀ pé,” Màmá dáhùn. “Bíríkìlà ní, ‘Ẹni tó mọ ògiri yìí mọṣẹ́, sìmẹ́ǹtì ẹ̀ pé. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Màmá sùn síbẹ̀ mọ́ o, omi òrùlé Rédíò ti gbẹ́ ìdí ẹ̀ tán.’”