Orúkọ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pọ́ńpù Mẹ́rìnlá

Bí ẹnikẹ́ni bá pe Àǹtí Sítọ́ọ̀ ní onígbèéraga, ó lè rẹ́rìn-ín kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní ẹnu rẹ̀ le, ó gbà. Ṣùgbọ́n olè kẹ̀? Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń tọ́jú ẹrù ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta pọ́ńpù omi yìí, kò sì sí nǹkan kan, bó ti wù kó kéré tó, tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àfi bí máníjà ṣe dúró níwájú òṣìṣẹ́ mọ́kànlá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, tó ní pọ́ńpù ńlá mẹ́rìnlá ti fẹsẹ̀ fẹ, pé kí wọ́n má wá olè náà lọ jìnnà, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí níbẹ̀. Gbogbo ojú sì yí sí i.

Inú bí Àǹtí gan-an. Máníjà ní ọ̀dítọ̀ ń bọ̀ láti olú ilé-iṣẹ́ wá yẹ ìwé ẹrù wò ní aago méjì, pé bí ó bá fi máa di aago mẹ́ta, ẹni tó kó ẹrù yóò ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àǹtí wọ inú sítọ́ọ̀ lọ, ó tilẹ̀kùn, ó sì jókòó sórí páálí, inú ń bí i sí máníjà, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ náà.

Ìdí tí inú fi ń bí i sí ara rẹ̀ rèé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá rọ́pò ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ẹrù sí. Ọkùnrin tó wá kọ́ wọn fi ọjọ́ méjì gbáko sọ ọ́ yé wọn pé ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀, ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ló ń tún sọ. Ó fún oníkálukú ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí wọ́n lè máa mọ ẹni tó ṣe kí ni. Oṣù yẹn ò tíì parí tí gbogbo wọn fi gbàgbé tiwọn, àfi Àǹtí Sítọ́ọ̀. Dípò kí máníjà pe ọkùnrin yẹn padà, ó ní kí gbogbo wọn máa lo ti Àǹtí, iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró. Ni Àǹtí náà, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀, bá kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, ó sì fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Láti ìgbà náà, bí awakọ̀ bá kó ẹrù, Àǹtí Sítọ́ọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń pè é. Bí akọ̀wé bá ṣe àṣìṣe, Àǹtí Sítọ́ọ̀ ni. Ọjọ́ tí ibà dá a dùbúlẹ̀ nílé pàápàá, kọ̀ǹpútà ní ó ṣiṣẹ́ bí ẹni mẹ́fà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ló gbé awò ojú wá fún un lóṣù tó kọjá tó rí páálí yẹn. Orí ọmọ náà gbóná. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ṣé búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ń fọ eyín náà lẹ máa gbé kọ́ ara ògiri fún wọn ni?" Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ létí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó máa lọ fún ìsinmi ọlọ́sẹ̀ méjì, ó yí páswọ́ọ̀dù náà padà, ó sì fa páálí ya.

Aago méjì lù, ọ̀dítọ̀ dé, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan báyìí. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì máníjà. Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, pọ́ńpù mẹ́rìnlá jáde ní sítọ́ọ̀, orúkọ Àǹtí Sítọ́ọ̀ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ kì í parọ́," ni máníjà wí.

Àǹtí ní òun wà ní ìsinmi lọ́jọ́ náà. Ọ̀dítọ̀ wò ó tìyanutìyanu, nítorí kọ̀ǹpútà tó ń ka pọ́ńpù kò gbọ́ nípa ìsinmi ẹnikẹ́ni rí. Inú dúróọ̀ ní yàrá kejì ni ìwé ìsinmi ń sùn sí, kò sì sẹ́ni tó gbé méjèèjì síra wọn wò. Wọ́n lọ mú un wá. Ìbuwọ́lùwé máníjà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Máníjà kò gbà. Ó ní kí ni ìsinmi fẹ́ ṣe, ṣebí ara ògiri ló fi páswọ́ọ̀dù kọ́, ẹni tó bá bá a lò ó ni wọ́n jọ kó ẹrù. Ọ̀dítọ̀ tún ìwé rẹ̀ wò. Ó ní ẹ̀rọ fi hàn pé wọ́n ti yí páswọ́ọ̀dù náà padà ṣáájú ìsinmi. Ó wá bi Àǹtí pé ta ló fún ní tuntun.

"Ẹnì kan ṣoṣo, màdáámù," ló wí, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì.

Àtẹ̀jíṣẹ́ máníjà wà níbẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ: páswọ́ọ̀dù ò ṣiṣẹ́ mọ́, kó fi tuntun ránṣẹ́ kíákíá, oníbàárà ń dúró. Èsì Àǹtí wà lábẹ́ rẹ̀. Máníjà yọ fóònù tirẹ̀, ó ń wá inú rẹ̀ bí ẹni pé àánú rẹ̀ yóò ṣe fóònù náà. Ó ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí tirẹ̀ tipẹ́. Ọkùnrin tó ń darí odidi ilé-iṣẹ́ rò pé ohun tí òun bá pa rẹ́ lọ́wọ́ òun ti pa rẹ́ níbi gbogbo!

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Àbúrò òun tó ń kọ́lé ló fẹ́ lò wọ́n, òun fẹ́ dá wọn padà kí wọ́n tó ka ẹrù, òun gbàgbé ni.

Àǹtí dìde. "Ẹ gbàgbé pọ́ńpù, sà. Ẹ ò gbàgbé láti pè mí lólè lójú ènìyàn mọ́kànlá."

Ọ̀dítọ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú, kó máa lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò lọ. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ orúkọ òun kúrò níbẹ̀. Obìnrin náà mi orí: ohun tó bá ti wọ inú ẹ̀rọ yìí kì í jáde, torí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe nìkan ni wọ́n lè kọ sí abẹ́ rẹ̀. Èyí bí Àǹtí nínú ju gbogbo ti àtàárọ̀ lọ. Ó túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ tó bá ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá ṣí ojú ìwé yẹn, orúkọ òun ni yóò kọ́kọ́ rí.

"Ó dáa," ló wí. "Èmi ni màá kọ àtúnṣe náà. Ẹ pe àwọn mọ́kànlá yẹn wá."

Wọ́n wá, wọ́n kún inú sítọ́ọ̀ fọ́fọ́. Ọ̀dítọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, láìfi bọpo bọyọ̀. Àǹtí fa àga, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, níbi tí ihò ìṣó ṣì wà lára ògiri. Ó ní kí gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí òun. Awakọ̀ yíjú, akọ̀wé yíjú, ọ̀dítọ̀ pàápàá yíjú. Máníjà nìkan ló dúró, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn.

Àǹtí gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì ń wo máníjà.

"Ẹ̀yin náà, sà."

Ó yíjú sí ògiri. Àǹtí wá tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì kọ orúkọ máníjà sí abẹ́ tirẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.