Eyín Ìyá Oní-pákò

Ní France Road, ta ni kò mọ eyín Ràhmátù, ìyá Nurat? Pákò ló ń tà, eyín rẹ̀ sì ni pátákó ìpolówó rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti yà, á ya ẹnu gbàgà:

"Ẹ wò ó! Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹyọ kan ò tíì yẹ̀. Pákò ni o, kì í ṣe ọṣẹ inú tíúbù!"

Salome tó ń ta ọṣẹ ìfọyín lódìkejì ọ̀nà ló ń bá wí. Á pòṣé: "Ẹ máa jẹ igi lọ, Ìyá Nurat."

Ohun tí Salome ò mọ̀ ni pé eyín òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń dán yẹn, eyín àtọwọ́dá ni, àdúgbò Fagge ni wọ́n ti ṣe é. Àní ọkọ Ràhmátù lọ sọ́run láìgbọ́.

Egbò wá yọ lábẹ́ eyín náà. Ràhmátù di ewé tábà sí i, bó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egbò ò lọ.

Ni àwọn dókítà bá ta tapólì síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń ṣèwádìí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Dókítà Adédoyin, tí kò ju ọmọ ọmọ Ràhmátù lọ, ń kéde: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo tábà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní egbò ẹnu tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń dùn yín!"

Ràhmátù fi ìka ka ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Mẹ́ta. Ó tò sórí ìlà. Salome tò tẹ̀ lé e.

Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ eyín yẹn."

"Eyín wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi há òkè."

"Ọmọ mi, yí tọ́ọ̀ṣì ẹ gba ẹ̀gbẹ́."

"Mọ́mì, ibi tí mi ò bá rí, mi ò lè sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ràhmátù bojú wẹ̀yìn. Salome ti na ọrùn bí àgùfọn. Bàdírù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pákò mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀, dúró tì í. Bó bá yọ ọ́, ọjà kú. Bí ò bá yọ ọ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun alára ni yóò kú. Ó pe Bisimillah, ó yọ ọ́ sọ́wọ́.

"Kai, Hajiya!" Bàdírù wo ìdì pákò rẹ̀. "Kí wá ni mo rà yìí?"

Salome rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbé e wá, Ìyá Nurat, kí n fi ọṣẹ inú tíúbù bá yín fọ̀ ọ́!"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó rí àbàwọ́n funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò náà, ó sì kọ ìwé fún un lọ sí ọsibítù. Wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èsì dé: kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n gé e kúrò. Tábà di èèwọ̀, eyín Fagge di ẹrù inú àpótí.

Lọ́jọ́ tó padà sọ́jà, Salome ti ń retí kó palẹ̀ mọ́. Ràhmátù jókòó, ó ya ẹnu gbàgà, eríìgì lásán níbi tí eyín Fagge wà tẹ́lẹ̀:

"Ẹ wò ó! Tábà ló sọ mí dà báyìí. Ẹ fi tábà sílẹ̀, ẹ ra pákò, kẹ́ ẹ sì lọ fi ẹnu han dókítà!"

Bàdírù ra ogún. Salome káwọ́ lérí.

"Hẹn-ẹn! Ìyá yìí ní eyín, ó ń tà. Kò ní eyín, ó tún ń tà!"