Irun Tí Mo Ya Sẹ́yìn

Fìlà. Ó ní kí n dé fìlà. Ọ̀rọ̀ pé kí n gẹ irun yìí ti kọjá, àná la parí ìjà ìyẹn. Tòní ni pé kí n dé fìlà wọ ilé Bàbá, kí n má sì ṣí i títí n ó fi jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló pè, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe ẹ̀dínwó fún oníbàárà. "Ṣáà ti dé nǹkan lé e. Má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá bínú lọ́jọ́ ìbí wọn." Mo sì ní ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé kẹ̀... Kí ni mo ń dúpẹ́ ẹ̀ fún?

N kò dé fìlà kankan.

Ọkùnrin tí ọmọ ẹ̀ ti ga jù ú lọ ni wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún. Ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó ń ya fọ́tò fún gbogbo àdúgbò — ti ìwé ìrìnnà, ti ìgbéyàwó, ti ọmọ tuntun. Nínú ẹbí gan-an, wọn ò tilẹ̀ pe orúkọ mi mọ́. Fọ́tò ni wọ́n ń pè mí. "Ẹ pe Fọ́tò wá." "Fọ́tò dà?" Lọ́sàn-án yìí náà, Fọ́tò ni wọ́n ń retí. Bàbá pé ọgọ́rin ọdún, gbogbo ẹbí á tò yí wọn ká lágbàlá, a ó ya èyí tó tóbi tí wọ́n á gbé kọ́ sí pálọ̀.

Irun yìí ti tutù tó bó ṣe yẹ. Mo dúró síwájú dígí ilé ìwẹ̀, tówẹ̀lì wà léjìká mi, omi ń kán sí mi lọ́rùn. Jẹ́jẹ́ tó ń bá mi gẹ irun — bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é nìyẹn, torí orí kan ṣoṣo lè gbà á láti àárọ̀ dọ́sàn-án — Jẹ́jẹ́ ní irun tó gbẹ tán kì í gbọ́ràn, èyí tó rin ṣìnkìn náà á kàn lẹ̀ mọ́ agbárí ni. Àárín méjèèjì la ti ń mú un. Òòyà eléyín gbàǹgbà lákọ̀ọ́kọ́, láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́, láì la ọ̀nà kankan sí i. Ó ń ta kókó. Mo ń tú u. N kò já a. Mo ti ní sùúrù fún irun yìí ju bí mo ṣe ní fún èèyàn lọ.

"Àgbàlagbà ọkùnrin tó ń tọ́jú irun bí ọlọ́mọge." Bàbá ló sọ ìyẹn, nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn. Wọn ò sọ ọ́ fún mi o. Ìyá ni wọ́n kọjú sí, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo jókòó níbẹ̀. Mo jẹ oúnjẹ mi tán. Mo kó abọ́. Mo dágbére.

Bàbá ló ń gẹ irun wa ní kékeré. Bó bá ti di àárọ̀ Sátidé, wọ́n á gbé àpótí sẹ́yìn ilé, wọ́n á mú kílípà ọlọ́wọ́ jáde, èyí tó ń fa irun tu ju bó ṣe ń gẹ ẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á kọ́kọ́ jókòó, èmi á tẹ̀ lé e, àbúrò wa obìnrin á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ òsì Bàbá á di orí mi mú pinpin. Dúró jẹ́ẹ́. Mò ń dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí... Mo wà níbẹ̀ kẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ orí ara mi, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Dráyà ìyàwó mi dà? Òun nìyí. Iná ẹ̀ ò gbọdọ̀ gbóná jù. Búrọ́ọ̀ṣì á máa fa irun lọ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ dráyà á máa tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, títí irun á fi gbà pé ẹ̀yìn ni òun ń lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń sọ kiri pé ìgbà èwe ló ń padà dà mí láàmú. Kò mọ nǹkan kan. Ìgbà èwe wo? Mi ò ní irun nígbà èwe mi, ẹ bi Bàbá.

Mo rò ó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo orí. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún oníbàárà: gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó irun kúrò lójú, jẹ́ kí etí hàn. Mo mọ̀ pé irun tó ga lókè yẹ olójú róbótó. Ojú tèmi gùn, ó tún tín-ín-rín, bí mo bá jẹ́ kí irun dúró ṣánṣán, mo di ìgò nìyẹn. Bí mo bá sì fá ẹ̀gbẹ́ kan awọ, ojú á tún gùn sí i. Torí náà Jẹ́jẹ́ ò fá ẹ̀gbẹ́, ńṣe ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkè ló gùn, ó ń tò lọ sẹ́yìn títí kan ọrùn. Irun tó ní ìdí ni. Àmọ́ ta ló béèrè ìdí lọ́wọ́ mi?

Àti pé... awakọ̀ akẹ́rù yẹn. Ó wá ya fọ́tò ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Irun ẹ̀ ti ń funfun, ó ya gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn. Ó jókòó, mo lanu láti sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn, mi ò rí nǹkan kan sọ. Iwájú orí, ojú, etí, gbogbo ẹ̀ ló hàn. Ó ń wo kámẹ́rà bíi pé kámẹ́rà ló yẹ kó yẹjú. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó lọ tán, mo jókòó ti fọ́tò yẹn, mò ń wò ó. Ó wù mí. Ó wù mí débi pé ó ń dùn mí, mi ò sì lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnì kankan.

Wọn ò mọ ohun tí ojú mi rí kí irun yìí tó gùn tó báyìí. Àwọn oṣù tí kò ṣeé ya, tí kò ṣeé fi sílẹ̀, tó kàn dúró lórí mi bíi koríko tí ewúrẹ́ jẹ ṣẹ́kù. Oníbàárà á wọlé, á ní, "Ọ̀gá, ṣé ara yín yá?" Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ló bá ju ṣíkáàfù rẹ̀ kan sí mi. "Ẹ máa fi wé e sùn, bí ẹ ò bá fẹ́ kí ìrọ̀rí jẹ ẹ́ tán." Ìfẹ́ nìyẹn. Bí òmíràn bá wà, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ní mọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni, ó ń lé àwọn ọmọléèwé padà sílé nítorí irun, orí tiẹ̀ sì ti pá kanlẹ̀. Apárí fojú di abẹ, kò sóhun tó kàn án. Bí wọ́n bá pàṣẹ lọ́la pé kí gbogbo ọkùnrin fárí, òun ló máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ti Ìyá ló le. Ìyá pè mí lánàá, wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. "Ọmọ mi, torí tèmi. Ọjọ́ kan péré. Irun á tún hù." Ohùn yẹn. Ohùn tí wọ́n fi ń bẹ̀ mí ní kékeré kí n lo oògùn. Mo gba ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ lọ, mo jókòó sórí àga, ó ta aṣọ bò mí lọ́rùn. Ó mú kílípà dání, kò tíì tàn án. "Ṣé ká gẹ ẹ́?" Mo wo dígí. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Olúwa mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́... Ẹnu mi ní, bá mi tún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe ni, fi òkè sílẹ̀. Mo wá pe Ìyá padà, mo ní ẹ má bínú, mà. Wọ́n rọra gbé fóònù sílẹ̀.

Bóyá ó yẹ kí n ti gẹ ẹ́. Rárá. Rárá o.

Pómédì báyìí. Díẹ̀ ni, bí ẹ̀wà ẹyọ kan. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí ó fi yọ́. Ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa bọ̀ níwájú. Nígbà àkọ́kọ́, iwájú ni mo da gbogbo ẹ̀ sí, ó dì gbagidi, iwájú orí mi ń dán fún odidi ọjọ́. Ẹ̀yìn, àárín, lẹ́yìn náà èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ni iwájú ń jẹ. Ó ń tẹ̀ síbi tí mo fẹ́. Ó dáa. Ó dáa gan-an ni. Ojú mi hàn kedere. Kí sì ni ẹ̀gbọ́n mi tún sọ kó tó gbé fóònù sílẹ̀? "Irun yẹn á ba fọ́tò jẹ́ ni."

Á ba fọ́tò jẹ́.

Dúró ná... báwo?

Èmi ni mo máa ya á. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni mo máa wà. Irun tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ibo ló ti fẹ́ bá fọ́tò? Bí mo gbé agboòrùn sórí, bí mo fárí kodoro, kò sí èyí tó máa hàn níbẹ̀. Kò tiẹ̀ ro ohun tó ń sọ. Àbí ó rò ó? Kò rò ó, kò sẹ́ni tó ń rò ó. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú wọn tó ní i lọ́kàn pé èmi náà á wà nínú fọ́tò yẹn. Èmi gan-an, mi ò ní i lọ́kàn.

Ògiri pálọ̀ Bàbá... Jẹ́ kí n wò ó. Ọjọ́ tí Bàbá fẹ̀yìn tì: Bàbá, Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò mi. Ìgbéyàwó àbúrò mi: gbogbo ẹbí, títí kan àwọn àna tí mi ò rí láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí Ìyá ti ilé ìwòsàn dé: ìyàwó mi di ọwọ́ Ìyá mú, ọmọ mi jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. Èmi dà? Èmi dà nínú gbogbo ẹ̀? Nínú èyí tí a yà lágbàlá, oòrùn wà lẹ́yìn mi, òjìji kan sì nà sílẹ̀ títí dé ibi bàtà Bàbá. Òjìji orí rìbìtì kan. Èmi nìyẹn. Ibi tí mo dé lórí ògiri náà nìyẹn.

Ìyá á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì. "Gbogbo wa ti pé. Ó yá, Fọ́tò." Èmi náà á sì dáhùn pé ẹ ti pé, mà, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń ka orí wọn, bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ wa nìyẹn, kí ẹnì kan má bàa sá sẹ́yìn ẹlòmíràn. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ka orí ẹbí yìí, mi ò ka tèmi mọ́ ọn rí. Ó sì ń pé. Lójú èmi gan-an, ó ń pé.

Inú ń bí mi. Irọ́ ni, kì í ṣe inú bíbí. Ó ń dùn mí. Mo rò pé irun ni mò ń jà fún, pómédì ni, òòyà ni, kí ẹnì kankan má fọwọ́ kan orí mi mọ́. Irun yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá rí lára mi láti ọdún mélòó kan. Wọ́n rí i, wọ́n kórìíra ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi. Ó tán, mo ti sọ ọ́.

Ìyàwó mi ń kan ilẹ̀kùn. Ó ní ṣé mi ò ní jáde ni, ọ̀sán ń lọ. Mo ní mò ń bọ̀. Mo ní kó bá mi gbé ìdúró kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn sínú ọkọ̀, eléyìí tí mi ò kì í gbé lọ sílé Bàbá.

Mo máa tò wọ́n bí mo ṣe máa ń tò wọ́n. Mo máa fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá. Wọ́n á bi mí pé ta ló ni ín. Mo máa yí kámẹ́rà síbi tó ti ń dúró díẹ̀ kó tó tẹ ara ẹ̀, màá wá rìn lọ síbẹ̀. Mi ò ní sáré. Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, orí mi láìsí fìlà, irun mi lẹ́yìn, ojú mi níta gbangba. Bí Bàbá bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi níbẹ̀. Kí kámẹ́rà mú un, ọwọ́ Bàbá ní nínà, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ní lílà, èmi láàárín wọn. Kí wọ́n gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá wọ pálọ̀ yẹn á béèrè pé ta ni eléyìí tí ẹ ń lé, wọ́n á sì ní láti dáhùn pé ọmọ wa ni.