Ìyè Àìnípẹ̀kun Onípele Mẹ́ta

Fóònù ìyàwó mi ń kú lọ. Bí mo bá tàn án, yóò tún ti kú kí n tó fi awò sójú. Ohùn rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó gbà á sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé e, oṣù tó tẹ̀ lé e ló di olóògbé. Ohùn náà kò sí níbòmíràn.

Mo wọkọ̀ láti Òjòwò lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá yunifásítì. Mùbàṣírù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ, ní òun kò ní jẹ́ kí n dá lọ.

Lára pátákó wọn, wọ́n kọ ọ́ pé: ÀGBÁRÍJỌ ÀGBÁYÉ FÚN ÌYÍPADÀ ÌGBÉ AYÉ LÓRÍ AYÉLUJÁRA. Nínú ilé, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adérónkẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì. Ìrìn-àjò yín pẹ̀lú wa ti bẹ̀rẹ̀."

"Láti Òjòwò ló ti bẹ̀rẹ̀," ni mo wí.

Mo ṣàlàyé. Ó fa ìwé kan yọ. "Ìpele idẹ wà, ti fàdákà wà. Ti wúrà la ń pè ní Ìyè Àìnípẹ̀kun fún Ohùn."

Mùbàṣírù yí sí mi. "Bàbá Lará, ṣé kì í ṣe ohun tí bíṣọ́ọ̀bù yín ń ṣèlérí nìyẹn? Wọ́n ti ń tà á ní ìpele-ìpele níbí o!"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi yẹ kòkó wò fún ìjọba. A kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára àpò gbọ́. Ọ̀bẹ la fi ń la hóró rẹ̀.

"Ọmọ mi, bí mo bá mú ti wúrà, kí ni ọwọ́ rẹ yóò ṣe?"

"A ó ṣe ìṣípòpadà ọlọ́gbọ́n-inú fún àwọn ohun ìní yín tó wà lórí..."

"Ọwọ́ rẹ ni mo bèèrè."

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Màá fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, màá gbé ohùn náà sínú tiyín."

"Ti fàdákà ńkọ́?"

"Wáyà náà ni, sà."

"Ti idẹ?"

Ó fọwọ́ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wáyà kan ṣoṣo la ní, sà."

Mùbàṣírù lu itan rẹ̀ gbàà.

"Fi wáyà náà ṣe é," ni mo wí. "Tètè."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni fóònù náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn náà jáde láti inú fóònù tèmi: "Bàbá Lará, ẹ gbé ẹ̀wà kúrò lórí iná o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní rántí."

Mùbàṣírù dẹ́kun ẹ̀rín. Ó ń wo ojú títì.

"Dádì," ni Adérónkẹ́ wí jẹ́jẹ́, "orúkọ wo ni ká fi pa á mọ́? A lè pè é ní Àkójọ Ìrántí Ayérayé."

"Kọ Hannah."

"Hannah nìkan, sà?"

"Orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn."